Wòlíì àti Àlùfáà Inú Bíbélì: Ta Ni Wọ́n Ń Pè Bẹ́ẹ̀?

 

Láti ilé kan ní Oregun níbí ni ìbéèrè tòní ti wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ka Léfítíkù nínú Bíbélì Yorùbá, ó rí i pé àlùfáà ń pa ẹran, ó ń wọ́n ẹ̀jẹ̀ sára pẹpẹ. Nídìí oúnjẹ ìṣínu ló ti kọjú sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ó ní Bíbélì wọn ń bú àwọn àfáà. Bàbá náà ò wá bá wọn ṣínu mọ́. Ìyá ọmọ ló kọ̀wé sí wa. Kí á tó sọ ohunkóhun, kí ọmọ náà lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá yẹn.

Ó dáa. Ta ló kó àlùfáà sínú Bíbélì? Ọmọ Òṣogùn ni Samuel Ajayi Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ pé àwọn Mùsùlùmí wà nínú ogun tó kó wọn. (A ò ní fi ìyẹn pamọ́.) Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, ó sì kàwé ní Freetown. Ìwé Róòmù tó túmọ̀ jáde ní 1850. Thomas King wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Gbogbo Bíbélì parí láàárín 1880 sí 1890.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí ará ilé àti ará ọjà ti mọ̀ ni wọ́n ń wá. Ìmàle sì ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́ kí míṣọ́nnárì tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1842. Agboolé wa ni wọ́n ti bá àdúrà, tó wá láti inú ad-du'aa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá ìwàásù, ọmọ ìyá wáàsí, àti wòlíì, àti àlùfáà. Títí dòní, alfa ni wọ́n ń pe olùkọ́ ní Timbuktu.

Ẹ wo wòlíì. Ní Lárúbáwá, ẹni tó sún mọ́ Ọlọ́hun ni walii. Ẹni tí Ọlọ́hun ń ránṣẹ́ sí, nabii ni, ànábì tiwa. Ẹ wá gbọ́ o: níbi tí Bíbélì Yorùbá ti kọ wòlíì, nabi ló wà nínú ìwé àwọn Yahúdì ní èdè Hébérù! Ọmọ ìyá ni Hébérù àti Lárúbáwá. Ká ní Crowther mú ànábì ni, wọn ì bá máa pe Mósè ní ànábì ní ṣọ́ọ̀ṣì bí a ti ń pe Músá ní mọ́ṣáláṣí.

Àlùfáà ló wá fa ìjà. Kohen ni Hébérù pe ẹni náà. Ìran Hárúnà, ẹ̀gbọ́n Ànábì Músá, ni wọ́n. Iṣẹ́ ìdílé ni; bí baba rẹ kì í bá ṣe kohen, bó o mọ̀wé bí òkun, o ò lè ṣe é. Ẹran, tùràrí àti búrẹ́dì orí tábìlì mímọ́ wà lọ́wọ́ wọn ní tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù. Àwọn náà ló ń yẹ ẹni tó ní àrùn ara wò. Ní ayé ìgbà yẹn, Íjíbítì ní tẹ́ḿpìlì àti olùrúbọ, Bábílónì ní, kò ṣàjèjì sí ẹnì kankan. Àwọn ará Róòmù wó ti Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70, nígbà tó ku ọdún 552 kí Hijra tó wáyé. Látìgbà náà rábì, ìyẹn olùkọ́, ló di aṣíwájú àwọn Yahúdì. Rábì yìí gan-an ló jọ àfáà ilé-kéú wa, kì í ṣe kohen.

Kohen náà ní ọmọ ìyá ní Lárúbáwá: kaahin. Ṣùgbọ́n aríran, awoṣẹ́, ni ìyẹn ní Mọ́kà. Òun ni àwọn kèfèrí fi bú Ànábì wa, tí Alùkùránì sì kọ̀ ọ́ nínú Súrà at-Tuur àti al-Haaqqa. Oyè ọ̀wọ̀ ní Jerúsálẹ́mù, èébú ní Mọ́kà.

Lọ́la, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, ó kan Injíìlà. Èdè Árámáíkì ni Ànábì Ísá ń sọ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, Gíríìkì sì ni wọ́n fi kọ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lọ́wọ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Ẹ tètè ṣínu, kí ẹ tan rédíò yín. Wa s-salaamu alaykum.