Àmì Porsche àti ibi tó yẹ kó wà

Àwa tí à ń ta sípéà páàtì mọ̀ pé tí wọ́n bá ti kun mọ́tò tán, wàrà-wàrà ni wọ́n máa ń lẹ àmì mọ́ iwájú rẹ̀. Ti Porsche gba sùúrù o, torí ìtàn wà ńbẹ̀.

Ọdún 1948 ni 356 àkọ́kọ́ jáde, kò sí ẹṣin kankan lára rẹ̀. Ọdún 1952 ni wọ́n ṣe àmì yìí, sítíárìn ló sì kọ́kọ́ wà. Ó di 1954 kó tó dé ọwọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú. Ẹṣin àárín rẹ̀, ti ìlú Stuttgart ni, ìlú tí orúkọ rẹ̀ wá láti ọgbà ẹṣin. Ìwo àgbọ̀nrín tó yí i ká, ti ilẹ̀ Württemberg ni. Àbí kí ló tún kù kó jẹ́ ilà ojú?

Ẹni tó bá wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì 356 ti 1951, ọmọ ọlọ́mọ ló kọ ilà fún yẹn!

Ti 911, ara bọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an ló wà, ẹsẹ̀ kéékèèké ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wọ ihò. Ẹ má jẹ́ kí páńẹ́ẹ̀lì bítà fi púùtì dí ihò yẹn, kó wá ní gọ́ọ̀mù lòun máa fi lẹ̀ ẹ́.