Ohun tí Ará Ìjẹ̀bú Lè Rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ sí Èkó ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe Èkó ti Ìkẹjà ni mo ní lọ́kàn, bí kò ṣe erékùṣù àtijọ́ náà tí ọ̀sà yí ká. Ọ̀pọ̀ ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni ó ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà ni wọ́n ń bá lọ, tàbí ìnáwó ẹbí. Wọn a ra aṣọ, wọn a jẹun, wọn a sì padà sílé. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, wọn a ní èrò ni àwọn rí. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn tiwa gan-an pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọjá lára rẹ̀ láìwò.

Láyé àtijọ́, omi ni ọ̀nà Èkó. Àwọn ìyá wa a máa ru ẹrù dé ọjà Èjìnrìn ní etí ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ni wọn a sì wọ̀ láti ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ojú omi dé yóò rí ẹwà Màrínà, tí àwọn àgbà ń pè ní Ẹ̀hìn Ìgbẹ̀tì, pẹ̀lú àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n kọjú sí ọ̀sà. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ lónìí kò ní í rí omi lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979 ni wọ́n fi iyanrìn lé omi sẹ́yìn láti la ọ̀nà mọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ìga Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó. Ẹ má kàn wọlé o, ẹ tọrọ ààyè. Oko ata Arómirẹ́ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ìtàn ti wí, orúkọ náà kò sì jìnnà sí èyí. Níbẹ̀ ni Kòsọ́kọ́ ti jọba títí di oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun yin àgbá sí ìlú náà, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ kò sá jìnnà. Ẹ̀pẹ́ ni ó gbà lọ, ní ilẹ̀ Awùjalẹ̀, tòun ti àwọn ènìyàn rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi padà sí Èkó ní 1862. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí di òní nínú ìlú kan ṣoṣo. Kí ó tó padà, Dòsùnmú ọmọ Akítóyè ti fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861. Kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun wà nítòsí.

Bí orí bá ṣe yín ní rere, ẹ lè bá Ẹ̀yọ̀ pàdé. Kì í ṣe ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ẹ̀yẹ fún ọba tàbí ènìyàn pàtàkì tí ó ti lọ ni ó máa ń jáde, bí wọ́n ti ṣe é fún Akítóyè ní 1854. Àwọn ará Èkó yóò sọ fún yín pé ohun Èkó ni. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà wọn pé níbo ni Adámú Òrìṣà ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò wí fún yín pé láti Ìbẹ̀fun ni, ní Ìjẹ̀bú níhìn-ín. Kí inú yín dùn, ṣùgbọ́n kí ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ má mu sìgá, kí obìnrin má sì di irun ṣùkú lọ síbẹ̀, nítorí ọ̀pá ọpáńbàtà kò mọ àlejò.

Ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí n gba orí Afárá Carter kọjá láìronú. Gómìnà Gilbert Carter, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ afárá náà, ni ó rán ogun sí wa ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nítorí àwọn baba wa kò fẹ́ ṣí ọ̀nà òwò sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìbọn Maxim ni wọ́n gbé pàdé wọn ní Ìmàgbọn. Ọdún 1901 ni wọ́n parí afárá àkọ́kọ́. Wọ́n ti tún un kọ́ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n orúkọ kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ìjẹ̀bú ń kọjá lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Carter yìí kan náà ni ó wà níbi ìṣílé Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní 1894. Mohammed Shitta, tí wọ́n bí ní Sàró, ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Aṣojú Sultan Túrúkì, Abdullah Quilliam, wá láti Liverpool, ó sì fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ẹ wo iwájú mọ́ṣáláṣí náà dáadáa: ọwọ́ àwọn Àgùdà, àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil bọ̀, hàn lára rẹ̀.

Iṣẹ́ àwọn Àgùdà wọ̀nyí ni ó ń bà mí nínú jẹ́ jùlọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀ yìí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, n bá ní kí ẹ lọ sí Ojúde Tinúbú, kí ẹ wo Ilọ́jọ̀ Bar, ilé alájà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855. Ìjọba ti kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n fi ẹ̀rọ wó o palẹ̀. Ọgọ́jọ ọdún ó lé ọ̀kan ni ó fi wà lórí ìdúró, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó fi ṣubú.

Ní òpópónà Kakawa, kò jìnnà síbẹ̀, ni Water House ti ìdílé da Rocha wà, níbi tí àwọn ará Èkó ti ń ra omi mímu nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé. Pópó Àgùdà náà kò tíì tán. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ lọ, nígbà tí àwọn oníṣòwò kò tíì pàtẹ sójú títì, kí ẹ lè rí òkè àwọn ilé náà. Kí ẹ sì mú ọmọ kan dání.