Kòkòrò Tí Ń Jẹ Ẹ̀fọ́: Bí Ìmọ̀ Nípa Ọgbẹ́ Inú Ṣe Yí Padà

Ìfáárà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kọ àyọkà kan fún ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Àpòmù. Nínú rẹ̀, ìyá oníṣòwò kan ní ọgbẹ́ inú. Ìrònú àti ata ni mo ní ó fà á, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan dòdò Ìkirè mọ́. Ìbéèrè kẹrin bèèrè ohun tí ó fa àìsàn náà. Ọmọ kan kọ ọ́ pé bakitéríà ni. Mo fà á igi, mo fún un ní òdo. Nígbà tí ó wá bèèrè ìdí rẹ̀, mo ní inú àyọkà ni ìdáhùn àyọkà máa ń wà.

Òfin ìdánwò ni mo sọ yẹn, ó sì tọ̀nà. Àyọkà gan-an ni kò tọ̀nà, èmi ni mo sì kọ ọ́. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó tọpasẹ̀ bí ìmọ̀ nípa ọgbẹ́ inú ṣe yí padà, a ó sì wo ohun tí èyí ń bèèrè lọ́wọ́ àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá tí a sì ń ṣètò ìdánwò rẹ̀.

Èrò Àwọn Àgbà àti Èrò Ilé Ìwòsàn

Ọ̀rọ̀ kòkòrò kì í ṣe àjèjì nínú ìṣègùn Yorùbá. Anthony Buckley, nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Medicine (1985), ṣàlàyé pé lójú àwọn oníṣègùn, kòkòrò àti aràn ní ibùgbé tiwọn nínú ara, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù, tí wọ́n kúrò ní ààyè wọn, ni wọ́n ń di àrùn. Kí a má ṣe àsọdùn o: ojú lásán kò lè rí bakitéríà, àwọn baba wa kò sì rí i. Ṣùgbọ́n èrò pé ohun tí yóò fa àìsàn lè ti wà lára ẹni tí ara rẹ̀ le jẹ́ èrò tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn.

Èrò mìíràn ni ó gbilẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ní ọdún 1910, Karl Schwarz fi lélẹ̀ pé níbi tí ásíìdì kò bá sí, ọgbẹ́ inú kò lè sí. Láti ìgbà náà, ásíìdì ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Ìrònú, ata àti sìgá ni wọ́n sì kà sí ohun tí ń ru ú sókè. Àwọn oníṣẹ́ abẹ a máa gé lára ikùn aláìsàn kí ásíìdì lè dín kù. Nígbà tí oògùn cimetidine jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1976, ọgbẹ́ ń jiná. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ti dáwọ́ oògùn dúró, ọgbẹ́ a tún padà wá. Ohun tí a fi ń kọ́ àwọn dókítà ni pé kòkòrò kankan kò lè gbé inú ásíìdì ikùn.

Ilẹ̀ wa náà wà nínú ìwádìí ìgbà náà. Ní ọdún 1975, F. I. Tovey àti M. Tunstall kó àkọsílẹ̀ nípa ọgbẹ́ inú láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Áfíríkà jọ. Ó hàn pé àrùn náà wọ́pọ̀ ní apá etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju apá ọ̀dàn lọ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ sì wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀wò: àwọn kan ń jẹ iṣu àti ẹ̀gẹ́, àwọn kan ń jẹ jéró àti ọkà bàbà.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ ní Perth

Ní ọdún 1979, ní Perth ní ilẹ̀ Ọsirélíà, dókítà Robin Warren rí àwọn bakitéríà tí ó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ lára ẹran tí wọ́n gé láti inú ikùn aláìsàn. Barry Marshall dara pọ̀ mọ́ ọn ní ọdún 1981. Wọ́n gbìyànjú títí láti mú bakitéríà náà hù nínú àwo, kò hù. Ní àkókò Àjíǹde ọdún 1982, ìsinmi mú kí a gbàgbé àwọn àwo kan fún ọjọ́ mélòó kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó ti hù. Wọn kò tí ì fún un ní àkókò tó ni.

Àwọn ènìyàn kò gbà á gbọ́. Ní ọdún 1984, Marshall gbé omi tí bakitéríà náà wà nínú rẹ̀ mu. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ń bì, ẹnu rẹ̀ ń rùn, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ikùn rẹ̀ ti wú. Kò dé orí ọgbẹ́, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé bakitéríà yìí lè tẹ̀dó sínú ikùn tí ó le koko kí ó sì dá àìsàn sí i. A wá mọ̀ pé ó ń ṣe èròjà kan tí ń pa agbára ásíìdì ní àyíká rẹ̀, tí òun yóò fi rí ààyè gbé. Ní ọdún 1989 ni wọ́n sọ ọ́ ní Helicobacter pylori. Ní ọdún 1994, àjọ tí ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Warren àti Marshall gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2005.

Kòkòrò Náà Láàárín Wa

Nígbà èwe ni ènìyàn sábà máa ń kó o, nínú ìdílé, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a jọ ń gbé. Nítorí náà, ibi tí ènìyàn bá ń lọ ni ó ń bá a lọ. Ní ọdún 2003, Daniel Falush àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè ka ìrìn àjò àwọn ènìyàn ayé lára rẹ̀. Wọ́n bá irú ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí a kó baba ńlá wọn lẹ́rú.

Ará Àpòmù kò gbọdọ̀ ka èyí sí ìtàn ọ̀nà jíjìn. Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921 pé ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, pé wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé níbẹ̀ tà, àti pé ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó bí ogun Òwu. Àwọn tí a tà gbé èdè wọn lọ, wọ́n gbé òrìṣà wọn lọ. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé àlejò tí wọn kò mọ̀ yìí lọ pẹ̀lú.

Ní ọdún 1992, Charles Holcombe, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Maiduguri, pe ọ̀rọ̀ náà ní àdììtú Áfíríkà: bakitéríà náà wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, síbẹ̀ jẹjẹrẹ ikùn kò wọ́pọ̀. Àwọn mìíràn tako ó. Wọ́n ní àìsí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni ó ń bo àrùn náà mọ́lẹ̀. Èyí ó wù kí ó jẹ́, àwọn tí ó ní bakitéríà náà pọ̀ ju àwọn tí ó ń ṣàìsàn lọ. Nínú 100 ẹni tí ó ní i, nǹkan bí 10 sí 20 ni yóò ní ọgbẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ara ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́ wà.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tí a bá sọ fún pé ìrònú ni ó fa ọgbẹ́ inú rẹ̀ yóò máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Yóò fi ata sílẹ̀, yóò máa fara dà á títí ọgbẹ́ yóò fi máa ṣẹ̀jẹ̀ tàbí kí ó dá ihò sí i nínú. Bẹ́ẹ̀ a lè yẹ èémí tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ wò, kí dókítà sì fún un ní oògùn méjì tí ń pa bakitéríà àti ọ̀kan tí ń dín ásíìdì kù, fún nǹkan bí ọjọ́ 14. Oògùn àdálò kò dára: ní Nàìjíríà, metronidazole kì í ran bakitéríà yìí mọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í sì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ inú ni bakitéríà ń fà. Aspirin àti àwọn oògùn ara ríro bíi tirẹ̀ ń fà á pẹ̀lú. Ata lè ta ọgbẹ́ tí ó ti wà. Òun kọ́ ni ó gbẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ méjì ni ó kù fún wa. Èkínní, ‘kòkòrò’ ni a ń pe aràn, eṣinṣin àti bakitéríà. Ọmọ tí ó bá gbọ́ pé kòkòrò ni ó wà nínú ikùn ìyá rẹ̀ lè lọ ra oògùn aràn. Ẹ jẹ́ kí a máa pe èyí ní bakitéríà ikùn, kí ìtumọ̀ má ṣe wọ́. Èkejì, ọmọ kì í mọ ibi tí àyọkà parí sí kí òtítọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó bá kà nínú ìdánwò ni yóò lọ sọ nílé. Ẹni tí ó bá ń kọ àyọkà nípa ìlera, kí ó kọ́kọ́ fi han olùkọ́ sáyẹ́ǹsì.

Mo fi tèmi hàn án, ó pẹ́ díẹ̀ ni. Mo dá máàkì ọmọ náà padà fún un níṣojú kíláàsì, mo sì tún àyọkà náà kọ.