Ojú Irin Tí Òkòkòmáíkò Ń Retí

Bí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bá ti gúnlẹ̀ sí Mile 2, àwọn èrò a rọ́ sórí àtẹ̀gùn. Wọn ò tíì délẹ̀ tí wọ́n á ti máa gbọ́ ohùn àwọn kọ̀ńdọ́: "Volks! Ìyànà Ìbà! Okoko! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ẹni tó ń lọ sí Ọ̀jọ́ Cantonment tàbí Òkòkòmáíkò gbọ́dọ̀ tún wọ dáńfó, nítorí Mile 2 ni ọkọ̀ ojú irin ń kó èrò mọ.

Ọ̀rọ̀ ojú irin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa: ọdún 1896 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ri ojú irin mọ́lẹ̀ láti Èkó. Ó dé Abẹ́òkúta, ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí ti Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Láti ibẹ̀ ó gba Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin, ó sọdá Odò Ọya ní Jẹ́bà. Ní 1912, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń bójú tó òun àti ojú irin tó ti Bárò lọ sí Kánò. Kì í ṣe tìtorí tiwa ni wọ́n ṣe là á: ẹ̀pà, òwú àti kòkó ni wọ́n fẹ́ máa kó wá sí èbúté. Síbẹ̀, àwọn èèyàn wa rí tiwọn ṣe nínú rẹ̀. Obì Àgége gun rélùwéè dé Kánò, ọmọ Yorùbá sì bá a lọ ṣòwò lókè Ọya. Àárín àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Michael Imoudu ti di aṣáájú tí ìjọba òyìnbó ń bẹ̀rù, pàápàá nígbà ìyanṣẹ́lódì 1945.

Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀nà ọ̀dà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú irin. A pa ojú irin tó gùn tó 3,505 kìlómítà tì, tírélà àti táńkà gba gbogbo ẹrù.

Èkó gbìyànjú láti ṣe tirẹ̀. Ní 1983, Gómìnà Lateef Jákándè bẹ̀rẹ̀ ojú irin ìgboro Èkó tí wọ́n pè ní Metroline. Ọdún yẹn kan náà ló dá yunifásítì LASU sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́. LASU dúró, ìjọba ológun Muhammadu Buhari fagi lé Metroline ní 1985, owó tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là sì ṣòfò. Lójú tèmi, kò sí ìpinnu tó ná ará Èkó ní ohun tó tó èyí: odidi ìran kan ló dàgbà sínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ.

Ìgbà ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ni Èkó tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ojú irin aláwọ̀ búlúù yìí. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún CCECC, ilé iṣẹ́ ará Ṣáínà, ní 2009: 27 kìlómítà, láti Màrínà dé Òkòkòmáíkò, láàárín títì Èkó sí Àgbádárìgì. Ẹni tó bá ń gba títì yẹn lọ síbi iṣẹ́ lásìkò náà mọ ohun tí ojú rí: eruku lẹ́ẹ̀rùn, àbàtà lójò.

Lórílẹ̀-èdè, ojú irin Àbújá sí Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, ti Èkó sí Ìbàdàn, 157 kìlómítà, ní 2021. Ní January 24, 2023, Buhari kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló wá ṣí apá kìíní ojú irin aláwọ̀ búlúù ti Èkó. Ní September 4 ọdún náà, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ pẹ̀lú Cowry, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀. Iná mànàmáná ló ń gbé e sáré, ó sì ń gba orí omi wọ Màrínà.

13 kìlómítà nìyẹn, láti Màrínà dé Mile 2. 14 tó kù ló máa gba Festac, Àlàkíjà, Trade Fair, Volkswagen àti LASU kó tó dé Òkòkòmáíkò. Gómìnà yòówù tó bá jẹ, à ń bẹ̀ ẹ́: kó má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ yìí tún dúró.