Òjìji Oníwọ̀n: Ìtàn Bí Sátẹ́láìtì Méjì Ṣe Kọ́ Láti Mọ Ibi Tí Ara Wọn Wà

Adé oòrùn ni atẹ́gùn gbígbóná fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó yí oòrùn ká. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìmọ́lẹ̀ ojú oòrùn lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ rí i níláti kọ́kọ́ bo oòrùn lójú. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òṣùpá nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà nígbà tí ọ̀sán bá dòru. Kì í sì í pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ó tó kọjá. Ní nǹkan bí ọdún 1930, Bernard Lyot fi àwo kékeré kan sínú awò awọ̀nàjíjìn lórí òkè Pic du Midi ní ilẹ̀ Faransé, ó sì rí adé náà láìdúró de òṣùpá. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a máa yí gba etí àwo wọlé, a sì máa ba àwòrán jẹ́. Bí àwo bá ṣe jìnnà sí awò tó ni àlébù yìí ń dín kù tó. Ibẹ̀ ni èrò ti wá pé kí àwo wà lára ọkọ̀ kan, kí awò sì wà nínú èkejì.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1975, ọkọ̀ Apollo ti Amẹ́ríkà, tí Thomas Stafford jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, tú ara rẹ̀ kúrò lára Soyuz ti Sófíẹ́ẹ̀tì, tí Aleksei Leonov jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láàárín Soyuz àti oòrùn, wọ́n sì ń ya àwòrán láti inú Soyuz. Ojú ènìyàn àti ọwọ́ ènìyàn ni ó mú ipò náà mọ́. Ìdánrawò ráńpẹ́ ni. Kò sí awakọ̀ tí ó lè di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú fún wákàtí mẹ́fà gbáko.

Kí ẹ̀rọ tó lè gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ ní ojú, ojú náà kò sì gbọdọ̀ purọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, ilẹ̀ Súwídìn fi sátẹ́láìtì Mango àti Tango ránṣẹ́ nínú iṣẹ́ PRISMA. Kámẹ́rà tí wọ́n ṣe ní Dẹ́nmákì wà lára Mango, ó ń wo Tango, ó sì ń fi ohun tí ó rí ṣírò ibi tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà.

Iṣẹ́ tí ó dojú kọ Proba-3 le ju ìyẹn lọ. Àjọ ESA ti ilẹ̀ Yúróòpù fi sátẹ́láìtì méjèèjì ránṣẹ́ láti Sriharikota ní Íńdíà ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ọ̀kan gbé àwo tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.4, èkejì gbé awò, nǹkan bí 150 mítà sì wà láàárín wọn. Òjìji tí ó dé ibi awò kò fẹ̀ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu awò fúnra rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Ààyè tí ó ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ lọ. GPS ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ ayé, ṣùgbọ́n ó lé ní 50,000 kìlómítà sí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń tò, níbi tí wọ́n ti ga ju àwọn sátẹ́láìtì GPS pàápàá lọ. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó kù tí wọ́n lè fi wọn ara wọn. Kámẹ́rà kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀ yóò wá àwọn iná tí ń ṣẹ́jú lára ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ há yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìtànṣán lésà yóò lọ kan dígí, tí yóò sì padà wá.

Bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, tí kámẹ́rà sì fi ìdá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ wọ́, àṣìṣe náà ti di nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá mìlímítà kan ní 150 mítà. Ìgbọ̀nrìrì ọjọ́ ìgbéra tó láti fa irú rẹ̀. Ooru àti òtútù náà tó o. Ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n tí wọ́n yẹ̀ wò lórí ilẹ̀ kò fi tó. Ìyálọ́jà tí kóńgò rẹ̀ tẹ̀ kò lè mọ̀ àfi bí ó bá fi kóńgò ẹlòmíràn wọn ọjà kan náà. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń fi kámẹ́rà yẹ lésà wò, tí wọ́n sì ń fi lésà yẹ kámẹ́rà wò.

Ojú tí ó kẹ́yìn ni ó gbẹgẹ́ jù. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní Torino, ní ilẹ̀ Ítálì, to ojú kéékèèké mẹ́jọ yí ẹnu awò ká, kí wọ́n máa wọn ìmọ́lẹ̀ etí òjìji. Bí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá rí iye kan náà, awò wà ní àárín gbùngbùn òjìji. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ń gba ìmọ́lẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ látàrí bí wọ́n ṣe ṣe é, sátẹ́láìtì yóò rò pé òun ti yà, yóò sì sún kúrò ní ibi tí ó tọ́. Nítorí náà wọ́n ní láti mọ ìwà ojú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Òjìji gidi tí wọ́n máa fi parí àyẹ̀wò yìí kò sí lórí ilẹ̀. Òkè ni ó wà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, sátẹ́láìtì méjèèjì to ara wọn fúnra wọn, wọn kò sì yẹ̀ ju mìlímítà lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, ESA gbé àwòrán adé oòrùn àkọ́kọ́ jáde. Nǹkan bí wákàtí 19 àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ń yí ayé ká; fún wákàtí mẹ́fà ni wọ́n lè fi tò. Lẹ́yìn náà wọn yóò tú ká, wọn yóò sọ̀kalẹ̀ sún mọ́ ayé, wọn yóò sì tún padà gòkè lọ wá iná tí ń ṣẹ́jú.