Alùpùpù Àtijọ́, Ẹsẹ̀ Tuntun: Láti London Dé Treichville

Ìdí àlòkù ni iṣẹ́ fífi ẹ̀yà tuntun sọ alùpùpù àtijọ́ dọ̀tun ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ ń tú ẹ̀yà alùpùpù kan láti fi sọ òmíràn dọ̀tun kì í ṣe olówó. Ohun tí olówó pa tì ni wọ́n ń ṣà jọ. Lónìí, fọ́ọ̀kì, bíréèkì àti wíìlì alùpùpù eré ìje ni wọ́n ń gbé sára Honda tàbí Kawasaki tó ti lé ní ogójì ọdún, àwọn kan sì ń ná owó ńlá lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọpasẹ̀ ìtàn rẹ̀ á rí i pé owó kọ́ ni ìyá rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré 500cc díje nínú Formula 3 fẹ́ràn ẹ́ńjìnì Norton Manx gan-an. Norton kì í ta ẹ́ńjìnì náà lọ́tọ̀; ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti ra odidi alùpùpù. Wọ́n á rà á, wọ́n á tú ẹ́ńjìnì rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ wọn, ṣáàsì á wá dùbúlẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ṣáàsì yìí kì í sì í ṣe irin lásán. Rex McCandless, ará Belfast, ló gbé e kalẹ̀, Featherbed ni wọ́n ń pè é, òun sì ni olùdíje Geoff Duke gùn nígbà tó gba ife ìdíje alùpùpù Senior TT ní Isle of Man lọ́dún 1950.

Àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ rí irin tó wà nílẹ̀ yìí. Ẹ́ńjìnì Triumph lágbára, pàápàá lẹ́yìn tí Bonneville 649cc jáde fún ọdún 1959, ṣùgbọ́n ṣáàsì tirẹ̀ kì í fọkàn ẹni balẹ̀ ní kọ́nà. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnì Triumph sínú ṣáàsì Norton, wọ́n sọ ọ́ ní Triton. Ace Cafe, lẹ́bàá ọ̀nà North Circular ní London, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1938 tí wọ́n sì tì lọ́dún 1969, ni ojúko wọn. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ jàgídíjàgan ni gbogbo wọn, ìwé ìròyìn ìgbà náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 1965, Dave Degens àti Rex Butcher fi Triton gba ìdíje wákàtí mẹ́rìnlélógún ní Barcelona. Alùpùpù tí ilé iṣẹ́ kankan kò ṣe ló borí ti àwọn ilé iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Japan dé. Honda CB750 ti ọdún 1969 ní sìlíńdà mẹ́rin, 736cc àti agbára ẹṣin 67, pẹ̀lú bíréèkì onídísìkì níwájú, èyí tó ṣọ̀wọ́n lára alùpùpù ìta nígbà náà. Kawasaki tẹ̀ lé e lọ́dún 1972 pẹ̀lú Z1, 903cc, agbára ẹṣin 82. Ẹ́ńjìnì àwọn alùpùpù wọ̀nyí lágbára ju ohun tí ṣáàsì àti fọ́ọ̀kì wọn lè gbé lọ. Ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì CB750 kò nípọn ju 35 mìlímítà lọ, ó sì ń gbé ohun tó wúwo ju 210 kílò. Ní Rimini, ní Ítálì, Massimo Tamburini ṣubú pẹ̀lú CB750 rẹ̀ lórí pápá ìdíje Misano, ó bá dìde lọ ṣe ṣáàsì tuntun fún ẹ́ńjìnì náà. Ibẹ̀ ni Bimota ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe alùpùpù. Ó dára púpọ̀, kò sì sí mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà tí owó rẹ̀ ká a.

Ọdún 1985 ló yí eré náà padà fún tálákà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ̀ nígbà náà. Suzuki mú GSX-R750 jáde: ṣáàsì alumíníọ̀mù, ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì 41 mìlímítà, kálípà tó ní písítìnì mẹ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ kò sì ju 176 kílò lọ kí wọ́n tó rọ epo sí i. Láti nǹkan bí 1990, fọ́ọ̀kì tó dorí kodò, tí apá tó nípọn wà lókè, bẹ̀rẹ̀ sí í dé orí alùpùpù ìta. Yamaha R1 dé lọ́dún 1998, GSX-R1000 dé lọ́dún 2001. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rà wọ́n ló ń ṣubú. Ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, tí owó àtúnṣe ara oníke bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó alùpùpù, ilé iṣẹ́ adójútòfò á sanwó fún ẹni tó ni ín, alùpùpù á sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tú u tà ní wẹ́wẹ́. Bí ṣáàsì Norton ṣe dùbúlẹ̀ ní 1950 ni fọ́ọ̀kì Suzuki wá dùbúlẹ̀ ní 2000. CB750 tí bàbá gùn wá rí ẹsẹ̀ tuntun.

Ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ńkọ́? Abúlé Anoumabo ni Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan ní Côte d'Ivoire, tẹ́lẹ̀. Ọdún 1934 ni ìjọba Faransé sọ ọ́ lórúkọ Marcel Treich-Laplène, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn tó kú lọ́dún 1890. Afárá tó léfòó lórí ọ̀sà ló so ó mọ́ àdúgbò Plateau láti 1931, títí afárá Houphouët-Boigny fi gbapò rẹ̀ lọ́dún 1957. Ṣùgbọ́n ọ̀nà omi Vridi ló la ojú àdúgbò náà: nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́dún 1950, ọkọ̀ òkun ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọ̀sà, èbúté Abidjan sì fìdí múlẹ̀ ní Treichville. Lọ́dún 1957 tí Jean Rouch, ayafíìmù ará Faransé, ń ya fíìmù Moi, un noir níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó wá ṣiṣẹ́ láti Niger tó wà nínú rẹ̀ ti sọ ara wọn lórúkọ òṣèré sinimá, Edward G. Robinson àti Eddie Constantine. Mo rò pé àwọn ọmọ Ace Cafe á ti mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀.

Yorùbá kò kẹ́yìn ní Treichville. Ará Èjìgbò, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun báyìí, pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Anago ni wọ́n ń pè wọ́n. Owó CFA ń ná ní Èjìgbò, ọkọ̀ sì ń kó èrò láti ibẹ̀ lọ sí Abidjan. Ọ̀nà tó lé díẹ̀ ní 1,000 kìlómítà ló wà láàárín Èkó àti Abidjan, ohun gbogbo tó bá sì ṣeé tú kúrò lára ẹ̀rọ ti gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá.

Ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ṣàkóso, Mobylette ni ọ̀pọ̀ fi mọ alùpùpù. Motobécane bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 1949, wọ́n sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn Yamaha àti Suzuki kéékèèké dé lẹ́yìn rẹ̀. Ní Nàìjíríà, Honda tilẹ̀ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Ohun tó wá sọ àlòkù di ọba ni owó. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, ti dé Nàìjíríà lọ́dún 1986, náírà ti ń ṣubú, tòkunbọ̀ ti ń gòkè. Ní oṣù Kìíní 1994, ó kan CFA: 50 CFA ni wọ́n ti ń fi ṣẹ́ franc Faransé kan láti ọjọ́ pípẹ́, ó di 100 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yà tuntun láti Yúróòpù di ìlọ́po méjì iye rẹ̀. France au revoir ni àwọn ará Abidjan ń pe ọkọ̀ tòkunbọ̀ tiwọn; tí ó bá kú nígbà náà, àdúgbò Adjamé àti Abobo ni wọ́n ti máa ń ta ẹran ara rẹ̀, bí ti ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Nígbà tí alùpùpù China kún ìlú lẹ́yìn 2000, ọ̀pọ̀ Yamaha àtijọ́ lọ fẹ̀yìn tì sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Báwo wá ni ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ṣe lè ṣe é? Ibi tí owó ti ń bọ́ sọnù ni kí èèyàn ra fọ́ọ̀kì lára Suzuki lónìí, wíìlì lára Yamaha lọ́la, kálípà lára Honda lọ́tunla. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò ní bára mu. Owó ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin á jẹ gbogbo ohun tó rò pé òun rí he. Odidi iwájú alùpùpù kan ṣoṣo ni kó rà: ẹsẹ̀ méjèèjì, irin tó so wọ́n pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀, wíìlì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, dísìkì, kálípà àti másítà bíréèkì. Másítà ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n ṣe fún kálípà kan ní àtijọ́ kò lè ti epo tó fún méjì; bíréèkì á rọ̀ títí ọwọ́ á fi kan hándù.

Ọrùn ṣáàsì ló kàn. Bí ọ̀pá ọrùn tuntun bá gùn tó, bẹ́ríìnì tí inú rẹ̀ bá ọ̀pá náà mu, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì bá ọrùn àtijọ́ mu, ti parí ọ̀rọ̀, iná wẹ́dà kò ní kan ohunkóhun. Bí kò bá gùn tó, wọ́n á tẹ ọ̀pá àtijọ́ yọ kúrò nínú irin tirẹ̀, wọ́n á gé ojú rẹ̀ kó bá ihò irin tuntun mu, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wọ ibẹ̀. Èyí ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo gbà pé kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n jù fún, iyekíye tó bá pè é.

Gíga ni ọ̀pọ̀ kì í wọ̀n. Fọ́ọ̀kì eré ìje kúrú ju ti àtijọ́ lọ, wíìlì rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 17, nígbà tí ti CB750 jẹ́ 19. Iwájú á rẹlẹ̀, ọrùn á nàró, alùpùpù á máa yára yí ju bí ẹni tó gùn ún ṣe fẹ́ lọ. Kí wọ́n wọn iwájú àti ẹ̀yìn kí wọ́n tó tú bóòtì kankan, kí wọ́n sì yan ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tí kò ní jẹ́ kó dojú bolẹ̀. Sípíríǹgì eré ìje tún le. Lórí ọ̀nà tó ní kòtò, ọwọ́ ẹni á sọ fún un. Aago ìyára tí wáyà ń yí láti wíìlì kò ní ṣiṣẹ́ mọ́; aago onímágínẹ́ẹ̀tì tó wà fún kẹ̀kẹ́ kò wọ́n, ó sì lè gbapò rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀kì, ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe wà. Wíìlì ẹ̀yìn tó fẹ̀ á sún ṣéènì kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, apá tó di wíìlì mú kò ní gbà á mọ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ owó kékeré ti ń di gbèsè. Bákan náà, iwájú GSX-R kò yẹ Honda CG125 tàbí Yamaha 100. Ó wúwo jù ú lọ. Iwájú Bajaj Pulsar tàbí Yamaha R15 sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ rántí ibi tí fọ́ọ̀kì náà ti wá: ọ̀pọ̀ nínú wọn, alùpùpù tó ṣubú ni wọ́n ti tú u. Ẹ yọ ọ̀pá inú ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ yí i lórí gíláàsì tó tẹ́jú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń yí, ó ti tẹ̀. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, ẹ má sanwó.