Etí Tó Ń Hó Lẹ́yìn Kíníìnì

Kíníìnì tẹ́ ẹ mọ̀ fún ibà, inú èèpo igi kan ní Pẹ́rú ló ti wá. Ní ọdún 1820, Pelletier àti Caventou yọ ojúlówó oògùn inú èèpo náà jáde ní Paris. Ní 1854, dókítà Baikie fún àwọn òyìnbó tó bá a wọkọ̀ gun odò Ọya ní kíníìnì. Ibà ò pa ẹnì kankan nínú wọn.

Àmọ́ ìtàn náà ní apá kejì. Àwọn tó lo kíníìnì púpọ̀ ń sọ pé etí àwọn ń hó yee. Oògùn ti ń pọ̀ lára nìyẹn. Bí wọ́n bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, ariwo náà sábà máa ń lọ.

Títí dòní, áspírínì tó pọ̀ jù lè mú etí hó. Abẹ́rẹ́ gentamicine lè ba etí jẹ́ pátápátá. Ilé ìwòsàn nìkan ló yẹ kó gún un.

Ọmọ ọwọ́ ò lè sọ pé etí òun ń hó. Nítorí náà, ẹ má ra oògùn orí àtẹ fún un. Tí etí tiyín bá ń hó lẹ́yìn oògùn, ẹ má da òróró sí i o. Ẹ tètè lọ sọ fún àwọn tó fún yín lóògùn nílé ìwòsàn.